Ọjọ́ Mọ́kànlá Tó Yẹ Kó Jẹ́ Ọjọ́ Kan

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, àwọn sáfà kan tó ń lo ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí Intel ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì, wọ́n á sì tún tan fúnra wọn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́tìnì, iná kò lọ. Àtúnṣe ààbò tí Intel fúnra rẹ̀ pín kiri ló fà á. Bí wọ́n ṣe bójú tó ọ̀ràn náà ni mo fẹ́ tú palẹ̀, nítorí ó kan gbogbo ẹni tó ń tọ́jú sáfà, ì báà jẹ́ ní báńkì, ì báà jẹ́ nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí ọ̀rọ̀ wá. Lọ́jọ́ kẹta oṣù náà ni aráyé gbọ́ nípa àléébù méjì tí wọ́n sọ ní Meltdown àti Spectre. Inú ọpọlọ kọ̀ǹpútà gan-an ni wọ́n wà, wọ́n sì lè jẹ́ kí ètò kan yọjú wo àṣírí ètò mìíràn, títí kan ọ̀rọ̀ aṣínà. Àwọn olùwádìí Google ti fi tó Intel létí láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ọdún 2017. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n jọ fẹnu kò sí láti kéde, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ń jò síta, ni wọ́n bá kéde ṣáájú. Fún ẹ̀yà Spectre kejì, microcode tuntun wà lára oògùn tí Intel gbé jáde, ìyẹn àwọn àṣẹ kéékèèké tó ń darí ọpọlọ kọ̀ǹpútà láti inú wá, tí a lè pààrọ̀ láìpààrọ̀ ọpọlọ náà. Oògùn tí wọ́n ní kó wo ibà ló wá ń fa gìrì.

Kí ló mú kí irú àìsàn yìí ṣòroó mọ̀? Sáfà tó bá kú lójijì kì í sábà ráyè kọ ohun tó pa á sílẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ Linux á kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀: àṣẹ last -x á sọ bóyá wọ́n pa ẹ̀rọ náà bó ṣe yẹ, journalctl -b -1 á sì fi ohun tó kọ kẹ́yìn kó tó kú hàn. Bó bá jẹ́ pé ènìyàn ló pa á, a óò rí i bí àwọn iṣẹ́ inú rẹ̀ ṣe ń kógbá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ kernel, ọkàn Linux gan-an, ló dojú bolẹ̀, tí wọ́n sì ti tan kdump sílẹ̀, ohun tó wà nínú mẹ́mórì lásìkò náà á wà ní ìpamọ́ fún àyẹ̀wò. Wàhálà dé nígbà tí àkọsílẹ̀ bá kàn gé láàárín iṣẹ́. Ó lè jẹ́ iná, ó lè jẹ́ ooru, ó lè jẹ́ mẹ́mórì tó ti bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ sáfà ní kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń ṣọ́ wọn, tí wọ́n ń pè ní BMC. Àkọsílẹ̀ tirẹ̀ kì í parẹ́ bí sáfà bá kú, ibẹ̀ ló sì yẹ ká ti wá ọ̀rọ̀ iná àti ooru.

Nílẹ̀ wa níbí, iná ọba la kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi, lọ́pọ̀ ìgbà a kì í sì í ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn ti 2018 yìí, ẹni tó pààrọ̀ bátìrì UPS, tó tún pààrọ̀ mẹ́mórì, owó ló ná dànù. Inú ìlà kan nínú fáìlì /proc/cpuinfo, èyí tó ń jẹ́ microcode, ni ẹ̀rí wà. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà ibẹ̀ wé ti inú àkọsílẹ̀ àtijọ́ á rí i pé ó ti yí padà, àti pé àtìgbà náà ni sáfà ti ń kú. Kí la yí padà kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀? Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú ríra ohunkóhun.

Lọ́jọ́ kọkànlá, Navin Shenoy, ọ̀gá ẹ̀ka dátà sẹ́ńtà ní Intel nígbà náà, jẹ́wọ́ ní gbangba pé àwọn oníbàárà kan ń rí i tí ẹ̀rọ wọn ń kú tó ń tan ju bó ṣe yẹ lọ, lórí ọpọlọ Broadwell àti Haswell. Mo yìn wọ́n fún èyí. Iléeṣẹ́ tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àṣìṣe láàárín ọjọ́ mẹ́jọ kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ti ní kí aráàlú má dá àtúnṣe dúró! Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, wọ́n ní ó ti kan Ivy Bridge, Sandy Bridge, Skylake àti Kaby Lake pẹ̀lú. Ó di ọjọ́ kejìlélógún, ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ náà, kí wọ́n tó sọ pé kí gbogbo ènìyàn dáwọ́ àtúnṣe náà dúró.

Àwọn kan á ní ihò ààbò kì í ṣe ohun ṣeréṣeré, pé ẹni tó bá yọ àtúnṣe kúrò ti ṣí ilẹ̀kùn fún olè. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwúwo. Síbẹ̀, títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù náà, Microsoft ní kò tíì sí ìròyìn pé ẹnikẹ́ni ti fi ẹ̀yà Spectre kejì kọlu àwọn oníbàárà. Sáfà tó ń kú láàárín iṣẹ́ ní tirẹ̀ lè ba dátà jẹ́ tàbí kó sọ ọ́ nù, Intel fúnra rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀. Ewu tó lè dé ni Intel fi síwájú èyí tó ti dé. Mi ò rí àwíjàre fún ọjọ́ mọ́kànlá yẹn.

Àwọn ará Linux ló hùwà àgbà. Red Hat ti fa microcode náà sẹ́yìn kí Intel tó ní kí wọ́n dúró, Ubuntu sì padà sí ti oṣù keje ọdún 2017. Ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn nítorí microcode tí Linux bá gbé wọlé kì í dúró pẹ́ títí: ìgbàkigbà tí ẹ̀rọ bá ń tan ló ń gbé e wọlé lákọ̀tun, bí wọ́n bá sì ti yọ ọ́, ó tán. Ẹni tó ti kọ ọ́ sínú BIOS kò rí irú ìrọ̀rùn yẹn. Dell ní láti bẹ àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n padà sí BIOS àtijọ́. Ní ti àwọn tó ra àpótí sáfà alákànpọ̀, tí Linux wà nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò láṣẹ lórí rẹ̀, àfi kí wọ́n jókòó ti ẹni tó tà á fún wọn.

Èyí tó wù mí jù lọ ni iṣẹ́ David Woodhouse, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ kernel Linux. Ó to nọ́ńbà àwọn microcode tó lárùn sínú kernel, débi pé bí sáfà bá ń tan tó rí ọ̀kan nínú wọn, kò ní lo agbára tuntun tí microcode náà mú wá rárá, á sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ pé ohun tóun rí nìyí. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ kò ní máa fi òru wá ìdí mọ́. Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, Linux 4.15 jáde pẹ̀lú retpoline, ọgbọ́n tí Paul Turner ti Google gbé kalẹ̀, tí kò nílò microcode tuntun lórí ọ̀pọ̀ nínú ọpọlọ wọ̀nyí. Oṣù kejì ni Intel wá ń pín microcode tó pé, bẹ̀rẹ̀ láti orí Skylake.

Ẹ̀yin tí sáfà wà níkàáwọ́ yín, ẹ tan kdump lónìí, ẹ kọ nọ́ńbà microcode yín sílẹ̀ kí àtúnṣe tó wọlé. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra àpótí sáfà, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: bí àtúnṣe yín bá ba iṣẹ́ wa jẹ́, báwo la ṣe máa padà sẹ́yìn? Bí kò bá rí ìdáhùn kan fún yín, ẹ má rà á.