Orí tí a yàn fún ẹ̀dá inú eré

Nínú The Sims, eré kọ̀ǹpútà tí Will Wright gbé kalẹ̀ ní ọdún 2000, àmì 25 ni a fi ń mọ ìwà ẹ̀dá: ìmọ́tótó, ìtúraká, ara yíyá, ẹ̀fẹ̀ àti inúure. Kò sí èyí tó lè ju 10 lọ. Ẹni tó bá kún ọ̀kan yóò dín òmíràn kù. Ọ̀pọ̀ a tún máa kọ́kọ́ wá irú ènìyàn kan nínú 16 ti Isabel Myers àti ìyá rẹ̀, Katharine Briggs, kí wọ́n tó kọ́lé fún ẹ̀dá wọn.

Àwa ní Àjàṣẹ́ mọ Àjàlá alámọ̀, tí a ń yan orí nílé rẹ̀ ká tó wáyé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà fi kún un pé orí kì í dá ìrìn rìn láìsí ẹsẹ̀. Eré náà pàápàá jẹ́rìí sí i: bí inú ẹ̀dá bá bàjẹ́, kò ní gbà láti kẹ́kọ̀ọ́, àmì yòówù kó ní.

Nítorí náà, a kò bu ẹnu àtẹ́ lu ètò yìí; ó dára fún ìpìlẹ̀. Ohun tí a kọ̀ ni kí irú ènìyàn di ìdájọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ń pète ẹ̀dá-ìtàn, ẹ fún ẹni tí kì í túraká ní àlejò méje àti gbèsè kan. Ibẹ̀ ni ìwà ti ń hàn.