Iṣẹ́ Ọnà Tó Wà Lójú Títì Eleko

Bí ẹnì kan bá fẹ́ wo iṣẹ́ ọnà ní ìpínlẹ̀ Èkó, ilé àfihàn àwọn olówó ni wọ́n sábà máa ń júwe fún un. Àwa kò ní kó má lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti oríta Eleko wọ inú ọjà yóò rí àfihàn tí a kì í sanwó wò: pátákó onígbàjámọ̀ tí wọ́n ya orí oríṣiríṣi sí, táyà tí fọkanáísà fi ọ̀dà funfun kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí, àti ọ̀rọ̀ tó wà lára dáńfó àti tipa oníyanrìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ má fojú yẹpẹrẹ wo ọ̀rọ̀ ara mọ́tò. Lọ́dún 1988, onímọ̀ kan, O. B. Lawuyi, kọ odidi àpilẹ̀kọ lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn awakọ̀ tákísí Yorùbá ń kọ sára ọkọ̀ wọn, ó sì fi wọ́n wo bí ayé ṣe rí lójú àwọn awakọ̀ náà.

Lára tipa kan tí a wò dáadáa, "Alihamudulilahi" ni wọ́n kọ. Ọ̀dà pupa ni, òjìji funfun sì wà lẹ́yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tó fi dà bí ẹni pé wọ́n yọ kúrò lára pákó. Ọwọ́ àtíìsì yìí dá ṣáká. Àbùkù kan ni pé kò wọn àyè kó tó bẹ̀rẹ̀: lẹ́tà àkọ́kọ́ ga bí ọmọ ọdún méjì, ti ìgbẹ̀yìn rún mọ́ ara wọn bí èrò inú mólúè àtijọ́.

Èyí tó dùn wá jù ni ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, níbi tí ẹrẹ̀ ń ta sí! Ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kì í fi ọpẹ́ náà sínú ẹrẹ̀. Iwájú orí ọkọ̀ ṣófo, kí ló dé tí kò kọ ọ́ síbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ Búráákì náà wà ńlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ àwòrán ẹṣin oníyẹ̀ẹ́ tó ní ojú obìnrin, lára ọkọ̀ tàbí lára ògiri pálọ̀ àwọn bàbá wa. Súrà 17 sọ ti ìrìn òru Ànábì wa, kò dárúkọ ẹranko kankan. Inú hádíìsì ni Búráákì ti wá: ẹranko funfun, tó tóbi ju kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ, tí kò tó ìbaaka. Hádíìsì náà kò sọ pé ó ní ojú obìnrin. Àwọn ayàwòrán ló fi kún un. Ẹni tó bá ní láìsí àwòrán ohun ẹlẹ́mìí kò sí ẹwà, kó lọ wo Mọ́sálásí Shitta-Bey l'Ékòó, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894. Ọmọ Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló kọ́ ọ.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí èbúté Lẹ́kí lọ́dún 2023, tírélà akóńténà ń gba ọ̀nà yìí. Orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan ló wà lára wọn. Fúlẹ́ẹ̀sì tí ẹ̀rọ tẹ̀ sì ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àtíìsì pátákó. Ọmọṣẹ́ wo ni yóò tún kọ́ bí a ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì fún lẹ́tà ní òjìji?

Èyí tó wù wá jù ni "SÙÚRÙ" tó wà lẹ́yìn dáńfó kan. Àyè tó o, lẹ́tà rẹ̀ dọ́gba, kò sí àwòrán kankan. Kọ̀ńdọ́ rẹ̀ ń pariwo "Ajah! Ajah!", awakọ̀ náà ò sì dúró de ẹnikẹ́ni.