Ìbéèrè Tí Fẹlá Ò Dúró Gbọ́ Ìdáhùn Rẹ̀

Ní ọdún 1976 ni Fẹlá Aníkúlápó-Kútì gbé àwo orin tó pè ní Yellow Fever jáde. Orin náà gùn tó bí ìṣẹ́jú 15, èdè pijin ló sì fi kọ ọ́. Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ ìbóra bá ti délẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹnì kan á fi orin yìí ṣe ẹlẹ́rìí. Olùkọ́ ń tọ́ka sí i, nọ́ọ̀sì ń tọ́ka sí i, àwọn ọkùnrin tó jókòó sídìí ayò pàápàá ń tọ́ka sí i. Ohun tí mi ò tíì rí kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n gbé orin náà fúnra rẹ̀ lé òṣùwọ̀n. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí ẹni tó kọ ọ́ sí, Abẹ́òkúta ni èmi náà ti ń gbọ́ ọ. Ó yẹ kí ẹnì kan nínú wa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó dáa. Fẹlá bẹ̀rẹ̀ bíi dókítà. Ó ń ka oríṣiríṣi ibà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi dé orí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Níbẹ̀ ló ti wá pín in sí méjì: ọ̀kan wà tó ń wá bá ènìyàn nílé, òmíràn sì wà tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ rà. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n àwàdà tó mọ ibi tó ń lọ ni. (Ẹ rántí pé àwọn wọ́dà tó ń darí ọkọ̀ lójú títì náà là ń pè ní yellow fever láyé ìgbà náà, nítorí aṣọ wọn. Ẹ̀rín ti wà nílẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀.) Pé ó pè é ní àìsàn tún dára, nítorí òótọ́ ni. Hydroquinone tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara yìí ń dí èròjà tó ń mú kí ara dúdú lọ́wọ́; bí a bá sì lò ó pẹ́, ó lè mú kí ojú àti oríkèé ìka dúdú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Stẹ́rọ́ìdì ń mú awọ fẹ́lẹ́. Mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́. Òfin NAFDAC kò gba mẹ́kúrì láyè nínú ìpara, kò sì gbà kí hydroquinone ju ìdá 2 nínú 100 lọ. Kí wọ́n tó dá NAFDAC sílẹ̀ rárá ni orin yìí ti ń pariwo.

Èdè Yorùbá náà ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́. Ẹ̀pà là ń bó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ là ń bó, ẹ̀wà tí a fẹ́ fi ṣe àkàrà là ń bó, èèpo tó bá sì ti kúrò kì í padà sára. Ìyẹn la pè ní ìbóra. Ẹni tó ń tà á kò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ láéláé. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, tóònìn ni, tàbí kí ara mọ́, kí ara dán, kí ara jọ̀lọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà fún mi ni ibi tí Fẹlá ti ń bi obìnrin náà léèrè ẹni tó sọ fún un pé ó rẹwà. Èébú ló fi ìbéèrè náà ṣe. Ó sọ ọ́ sí i lójú, ó sì kọjá lọ síbi tó ti ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ìṣẹ́jú 15 yẹn, ìbéèrè yẹn nìkan ni ìbéèrè gidi tó wà níbẹ̀, ó sì ní ìdáhùn. Ká ní ó dúró díẹ̀ ni, obìnrin náà ì bá dá a lóhùn.

Àwa la sọ bẹ́ẹ̀. Orin yìí mú un bí ẹni pé ọ̀dọ̀ òyìnbó nìkan ni ìfẹ́ àwọ̀ pupa ti wá, mi ò sì ní jiyàn pé ọwọ́ òyìnbó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Yorùbá bá ń ki obìnrin, a ní adúmáadán, a sì tún ní apọ́nbéporẹ́. Epo pupa tí a fi wé ara obìnrin yẹn, òyìnbó kọ́ ló bá wa fún un. Nínú ilé kan náà, wọ́n á pe ọmọ kan ní Dúdúyẹmí, wọ́n á sì máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìyá Pupa títí yóò fi darúgbó. A yin méjèèjì nígbà náà. Nǹkan tó bàjẹ́ ni pé òṣùwọ̀n kò dọ́gba mọ́, pàápàá níbi tí owó bá wà. Ẹni tó ń wá ọmọ tí yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà òde ìgbéyàwó mọ irú ọmọ tó ń wá. Ọkọ tó ń fi ìyàwó rẹ̀ wé ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ ohun tó ń sọ. Orin tó bá fẹ́ wo àìsàn yìí sàn yóò kan ilé wa kó tó kan Lọ́ńdọ̀nù.

A tún ní ìṣòro kan tó jọ èyí lónìí: a ti fi nọ́ńbà rọ́pò orin. Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde ní 2011 tó sọ pé ìdá 77 nínú 100 àwọn obìnrin Nàìjíríà ló ń lo ìpara abóra déédéé, gbogbo ènìyàn sì há nọ́ńbà náà sórí. Irú iye kan náà ni ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002 rí láàárín àwọn ọlọ́jà ní Èkó. Ọlọ́jà Èkó kọ́ ni gbogbo obìnrin Nàìjíríà. Kò ṣe gbogbo ìyá tó ń ta ẹja ní Láfẹ́nwá, kò ṣe àgbẹ̀ tó wà ní Ọ̀dẹ̀dá. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà dùn ún fi bú obìnrin gẹ́gẹ́ bí orin náà ṣe dùn.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí orin náà kò rí rárá. Mo mọ ọmọbìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ara ní ìgboro Abẹ́òkúta. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ó dúdú bíi kóró iṣin, ara rẹ̀ sì ń dán. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ojú, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ha gìgísẹ̀, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi osùn àti ọṣẹ dúdú wẹ ìyàwó tuntun. Ṣùgbọ́n ìpara àpòpọ̀ ló ń mówó wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ọ̀gá rẹ̀ á pò ó nínú ike ńlá lẹ́yìn kọ́tìnnì, ọmọ yìí á sì máa bù ú sínú ike kéékèèké. Oníbàárà á wọlé, á wò ó látòkè délẹ̀, á ní: “Ìwọ ò lò ó ni?” Nígbà tí ìbéèrè yìí pọ̀, ọ̀gá fún un ní ike méjì lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kó máa fi para, pé ara òṣìṣẹ́ ni pátákó ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà dúpẹ́, ó gbé e lọ sílé, ó tà á. Látìgbà náà ló ti ní èsì kan tó ń fún wọn: “Ẹ má bínú, mà, ara tèmi ni kì í gbà á.” Wọ́n á káàánú rẹ̀, wọ́n á sì ra tiwọn. Owó ilé tó ń san, ibẹ̀ ló ti ń jáde.

Níbo ni a ó fi ọmọ yìí sí nínú orin Fẹlá? Orin náà ń ka ọkàn ènìyàn láti ara rẹ̀. Ẹni tó bá pupa lọ́nà àrà, ó ti kọ ìran rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá dúdú, ara rẹ̀ le. Nípa òfin yẹn, ọmọ yìí kò lárùn kankan, òun ni obìnrin tí orin náà ń wá. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń fi síbí bu àìsàn náà fún àwọn ẹlòmíràn láti àárọ̀ títí di alẹ́. Mi ò sọ èyí láti dá a lẹ́bi. Mo mọ iye tí wọ́n ń gba lórí yàrá kan ní Pansẹ́kẹ̀. Mo sọ ọ́ nítorí pé òṣùwọ̀n tó bá gbé olùtajà sọ́wọ́ ọ̀tún tó sì gbé olùrajà sọ́wọ́ òsì nítorí àwọ̀ wọn nìkan, òṣùwọ̀n náà ti wọ́.

Ní Ìtokù níbí, ọwọ́ aláró máa ń dúdú láti ìka dé ọrùn ọwọ́ nítorí ẹlú. Kò sí ẹni tó wá ra àdìrẹ tí yóò ní kí aláró kọ́kọ́ pa ara rẹ̀ láró kí òun tó gbà pé ó mọṣẹ́. Iṣẹ́ ara nìkan ni a ti ń sọ pé kí òṣìṣẹ́ fi ara rẹ̀ ṣe ọjà.

Iṣẹ́ kan wà ní ìlú òyìnbó tó dà bí èyí, àfi pé òdìkejì rẹ̀ ni, ó sì yẹ ká wò ó. Wọ́n ń pè é ní spray tan. Aláwọ̀ funfun ló ń sanwó kí wọ́n fọ́n àwọ̀ sí òun lára, kí òun lè rí bí ẹni tí oòrùn pa. DHA ni orúkọ èròjà tí wọ́n ń fọ́n. Irú ṣúgà kan ni. Ìgbà tí wọ́n ń fi ṣe oògùn fún àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1950 sí 1959 ni wọ́n rí i pé ibi tó bá dà sí lára wọn ń pọ́n. Ní 1960, Coppertone ti ń tà á fún gbogbo ayé. Orí awọ tó ti kú, tó wà lókè pátápátá, ló ti ń ṣiṣẹ́, bíi bí ẹ̀yìn búrẹ́dì ṣe ń pọ́n nínú ààrò. Kò bó nǹkan kan. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, awọ náà á ṣí, àwọ̀ tí wọ́n rà á sì bá a lọ. Ọmọ Yorùbá tó bá ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú ara ní Gẹ̀ẹ́sì lè kọ́ iṣẹ́ yìí, kó dúró nínú àgọ́ kékeré náà pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ẹ̀rọ tó ń fọ́n, kó máa ta àwọ̀ tí Ọlọ́run fún òun lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó ní owó lọ́wọ́. Oníbàárà lè ṣiyèméjì pé báwo ni ẹni tí kò nílò ọjà yìí ṣe mọ̀ ọ́n tà. Ìbéèrè ọmọ Abẹ́òkúta yẹn náà ni. Ṣùgbọ́n a kì í gbọ́ orin tó ń bú òyìnbó yẹn pé ó kọ àwọn baba ńlá rẹ̀ sílẹ̀. Kí ló dé? Nítorí pé kò sí ẹni tó fi iṣẹ́ dù ú nígbà tó funfun, nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá sì parí, yóò padà sínú awọ tí kò ní gbèsè kankan. Níbí ni mo ti fún Fẹlá ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: ó mọ̀ pé ìbóra tiwa kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán.

Síbẹ̀, ta ni ó mú fún un? Ní 1973, nínú Gentleman, ó fi ọkùnrin tó wọ kóòtù àti táì nínú ooru ṣe ẹlẹ́yà. Ọkùnrin yẹn lè bọ́ kóòtù rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Nínú Lady, ní 1972, obìnrin tó fẹ́ jókòó sórí àga bíi ọkùnrin ló gba ìyà. Nínú Yellow Fever, ẹran ara obìnrin gan-an ni ẹ̀rín ń bọ́ lé. Àwòrán tí Lemi Ghariokwu yà sẹ́yìn àwo náà tún tú obìnrin náà sílẹ̀ ní ìhòòhò àyà, pẹ̀lú ojú tó rí kálakàla. A wò ó, a rẹ́rìn-ín, a kò sì mọ ilé tó ti wá.

Èyí ló ń yà mí lẹ́nu jù, nítorí ìyá tó bí Fẹlá. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta kò fi obìnrin tó ń san owó orí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ló dé tó ń san án. Wọ́n béèrè ẹni tó bù ú lé wọn, ẹni tó ń gbà á, àti ibi tó ń lọ. Wọ́n béèrè títí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní oṣù Kíní 1949. Ọ̀rọ̀ ọjà ni wọ́n sọ, àwọn tó wà lọ́jà ni wọ́n sì bá sọ ọ́. Ọmọ ìyá yẹn wá dé ìdí ike ìpara, ó rí obìnrin tó rà á, ó sì dúró síbẹ̀.

Kì í sì í ṣe pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń dárúkọ. Nígbà tó di 1980, nínú I.T.T., ó dárúkọ ilé-iṣẹ́ òyìnbó náà, ó dárúkọ Mọ́ṣúúdù Abíọ́lá, ó dárúkọ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta bíi tirẹ̀. Nínú Yellow Fever, a kò gbọ́ orúkọ ẹni tó ń pò ó, a kò gbọ́ ti ẹni tó ń kó o wọ̀lú, a kò gbọ́ ti ọkọ tó ń fi owó rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun náà kò sì lórúkọ.