Ọrùn Igi Ìlù Tẹ́nọ̀

Ẹni tó bá ti wo àwọn ẹgbẹ́ onílù Amẹ́ríkà tó ń yan, nígbà tí wọ́n bá ń figagbága ní Indianapolis nínú oṣù kẹjọ ọdún, á mọ̀ pé iṣẹ́ onílù tẹ́nọ̀ kì í ṣe kékeré. Ìlù márùn-ún tàbí mẹ́fà ló gbé kọ́ èjìká. Èyí tó kéré jù fẹ̀ tó íǹṣì 6, èyí tó tóbi jù tó 14. Ojú kan ṣoṣo ni ìlù kọ̀ọ̀kan ní, awọ rẹ̀ kì í sì í ṣe awọ ewúrẹ́, ike ni. Ọwọ́ ọ̀tún á ré kọjá lórí ọwọ́ òsì, á padà, á tún ré kọjá. Níbẹ̀ ni igi ti ń jìyà.

Tí àwọn tó ń ta igi ìlù bá ní tàwọn kì í tètè bàjẹ́, orí rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi hanni: ike líle tí kì í ya. Ọ̀rọ̀ ò sí lórí, ọrùn ló wà. Bí orin bá fẹ́ ìró tó gbóná, onílù á fi igi kan awọ àti etí irin ìlù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọrùn igi ló sì ń gbà á. Ẹ wo igi híkọ́rì tí wọ́n ti fi gbára dì fún ìdíje fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan: orí ṣì ń dán, ṣùgbọ́n ọrùn ti ṣá yánkan-yànkan bí ohun tí eku jẹ. Tépù àwọn oníná ni wọ́n fi ń wé e.

Bẹ́ẹ̀, híkọ́rì yìí náà ni wọ́n fi ń ṣe èèkù àáké lọ́hùn-ún, torí pé ó ń gba ìkọlù mọ́ra. Igi mépù fúyẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n etí irin tètè máa ń jẹ ẹ́. Alumíníọ̀mù ni àwọn mìíràn sá lọ bá. Lóòótọ́, kì í ní èérún. Àmọ́ inú rẹ̀ ṣófo. Tó bá ti tẹ̀, ó tẹ̀ náà nìyẹn. Orí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn sì lè tú lójú eré, kó fò lọ sáàárín àwọn tó ń fọn fèrè idẹ. (Ẹni tí kò bà rí ló lè rẹ́rìn-ín.)

Pípààrọ̀ igi tó bàjẹ́ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Vic Firth, tó lu tímpánì fún ẹgbẹ́ olórin Boston Symphony fún ọ̀pọ̀ ọdún, dá ilé iṣẹ́ igi ìlù sílẹ̀ ní 1963. Ohun kan tí wọ́n fi gba orúkọ ni pé wọ́n ń ṣa igi ní méjì-méjì, kí ìwọ̀n àti ohùn wọn dọ́gba. Nítorí náà, ẹni tó bá pààrọ̀ ẹyọ kan tó ṣẹ́ ti ba ìdọ́gba yẹn jẹ́. Ọwọ́ kan á wúwo ju ìkejì lọ.

Orí igi tí wọ́n fi irun àgùntàn bò ló máa ń gbẹ̀yìn ní ti pípẹ́. Etí irin ń hó o, òjò ń rin ín. Síbẹ̀, lórí ìlù íǹṣì 14, òun ló ń fa ohùn ikùn ìlù jáde. Ariwo kò-kò ojú awọ nìkan ni ike líle ń mú wá. Olùkọ́ àwọn onílù tó bá torí owó ní kí wọ́n fi ike lu gbogbo orin ti ra igi tó pẹ́, ó sì ti ta ohùn. Kó kọ́kọ́ ka orin tí wọ́n kọ fún un, kó wo iye ibi tí igi ti máa kan etí irin, kó ra híkọ́rì tó nípọn lọ́rùn fún ìyẹn, kó sì fi onírun pamọ́ sínú àpò fún apá tó bá rọlẹ̀.