Omi Tín-ín-rín Lẹ́yìn Ẹ́ńjìnnì

Ní èbúté Ẹ̀pẹ́ àti Bàdágìrì, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í sáré ṣí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì náà ló máa ń kọ́kọ́ wò: ṣé omi tín-ín-rín ń tú jáde níbẹ̀?

Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní ràdíétọ̀ bíi ti mọ́tò. Omi ọ̀sà gan-an ló ń tù ú lára. Nínú pọ́ǹpù tó wà nísàlẹ̀, lókè abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀, rọ́bà ẹlẹ́wé kan ń yí, ó ń ti omi gòkè. Rọ́bà kékeré yẹn lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Iyanrìn ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá sì tan ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ láìsí omi, kì í pẹ́ tí rọ́bà náà fi ń bà jẹ́.

Sùúrù àwọn oníṣẹ́ yìí ló wuni jù. Wọ́n á yọ ọ̀rá àti ewéko kúrò lẹ́nu ihò tó ń fa omi, wọ́n á fi wáyà gún ihò ẹ̀yìn, kí wọ́n tó tú pọ́ǹpù. Bí ewé rọ́bà kan bá já, wọ́n á wá a títí wọn yóò fi rí i, torí ó lè há sójú ọ̀nà omi lókè. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni!

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ etí òkun, ẹ bá wọn ṣe é: ẹ máa fi omi tí kò níyọ̀ ṣan inú ẹ́ńjìnnì yín lẹ́yìn ìrìn àjò.