Orúkọ tí ó Yẹ "Synthetic Division" ní Èdè Yorùbá

Láti 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò ní Ilé-Ifẹ̀, kò sí àní-àní pé èdè wa lè gbé ìṣirò. Ohun tí ó kù ni bí a óò ṣe máa sọ àwọn ẹ̀kọ́ tí ó ga ju ìyẹn lọ lórúkọ.

Ọ̀nà méjì ni à ń gbà sọ nǹkan lórúkọ. Àgbègbè Wharf Road ní Àpápá fi méjèèjì hàn. A yá "wọ́ọ̀fù" lò. Ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀, tí kò jìnnà síbẹ̀, ń ròyìn ara rẹ̀: ajé gúnlẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú bí a bá yá "pọlinómíà" lò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni "synthetic division"; ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ ròyìn iṣẹ́ náà.

Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ìpín àtọwọ́dá" ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ìṣirò wo ni kì í ṣe àtọwọ́dá? Ẹ jẹ́ kí a fi x − 2 pín 2x³ − 3x² + 4x − 5. A óò to 2, −3, 4, −5 sí ìlà kan, a óò sì fi 2 sí ẹ̀gbẹ́. A sọ 2 àkọ́kọ́ kalẹ̀. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 4. A rò ó pọ̀ mọ́ −3, ó di 1. Ìlọ́po méjì 1 pẹ̀lú 4 di 6. Ìlọ́po méjì 6 pẹ̀lú −5 di 7. Èsì ni 2x² + x + 6, àṣẹ́kù sì jẹ́ 7.

A óò ṣàkíyèsí pé a kò yọ ohunkóhun kúrò. Nínú ìpín gígùn, yíyọ ni à ń yọ. Níhìn-ín, a ti pa −2 dà sí 2 kí a tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ríròpọ̀ ni a rò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ èyí yóò fi −2 sí ẹ̀gbẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì dàrú. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó ń pe 44 ní mẹ́rìnlélógójì, tí ó sì ń pe 45 ní márùndínláàádọ́ta, ti mọ ìgbà tí a ń rò àti ìgbà tí a ń yọ.

Nítorí náà, "ìpín aláròpọ̀" ni a fara mọ́. Ó tilẹ̀ bá ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà mu nínú èdè Gíríìkì, tí í ṣe fífi nǹkan papọ̀. Àwọn kan lè sọ pé ìpín kò gbọdọ̀ jẹ́ àròpọ̀. Ìbéèrè tí a fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi olùkọ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Kí àwa olùdánwò náà má ṣe gba èsì nìkan. Kí a máa bèèrè ìdí tí a fi pa àmì dà.