Ọ̀WỌ̀, ÈÉBÚ ÀTI ÌBÁWÍ: ÀGBÉYẸ̀WÒ ÌLÒ-ÈDÈ ARÁ ÌLÚ LÓJÚ EWÉ ÀJỌ ÌJỌBA LÓRÍ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí ará ìlú ṣe ń bá àjọ ìjọba sọ̀rọ̀ lójú ewé tí irú àjọ bẹ́ẹ̀ ṣí sórí Facebook àti X, tí à ń pè ní Twitter títí di ọdún 2023. Àṣà èfẹ̀ ni a fi ṣe òṣùwọ̀n. Èrò wa ni pé ọ̀wọ̀ láàrin Yorùbá kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́. Ọ̀nà tí a fi ń gbé ìbáwí kalẹ̀ kí ó lè wọ ẹni tí a ń bá wí létí ni.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá ní ẹ̀sùn yóò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ níwájú baálé tàbí ìjòyè kí ó tó la ẹnu. Lónìí, ẹnikẹ́ni tí ó ní fóònù lè bá àjọ ìjọba wí lójú gbogbo ayé láì rí ojú ẹni tí ó ń bá wí. Ìdọ̀bálẹ̀ ti kúrò nílẹ̀, a kò sì tíì fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbínú tí ó nídìí

Kò yẹ kí alámèyítọ́ fi ẹ̀bi ará ìlú bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 2019, àjọ INEC sún ìdìbò ààrẹ síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rìnrìn àjò lọ sílé láti dìbò. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023, èsì ìdìbò ààrẹ kò hàn lórí ìkànnì IReV ní àsìkò tí àjọ náà ti ṣèlérí. Ẹni tí a bá já kulẹ̀ báyìí yóò fọhùn. Bí àjọ bá wá pe gbogbo ohùn ìbínú ní àìlọ́wọ̀, a jẹ́ pé ó fẹ́ fi ọ̀wọ̀ bo àṣìṣe mọ́lẹ̀.

Òfin pàápàá ti gba ọ̀nà yìí rí. Abala 24 nínú òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó kan ènìyàn lábùkù gidigidi sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ ECOWAS pàṣẹ pé kí Nàìjíríà tún abala náà ṣe. Ọdún 2024 ni àtúnṣe náà wáyé. Ọlọ́pàá kò lè kọ́ni ní ìwà ọmọlúàbí.

Ẹ̀kọ́ inú èfẹ̀

Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún pàtàkì fún gbogbo ayé, jẹ́ ti Yorùbá ilẹ̀ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ní alẹ́ èfẹ̀, ọ̀kọrin a gbé agọ̀ wọ̀, a júbà àwọn ìyá, òrìṣà àti àgbà, lẹ́yìn náà a tú àṣírí ìwàkiwà ìlú síta. Ọba kì í mú ọ̀kọrin. Ṣùgbọ́n bí agọ̀ bá tilẹ̀ bo ojú rẹ̀, ìlú mọ ọmọ ẹni tí ó ń kọrin. Orúkọ rẹ̀ dúró fún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Agọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀: a kì í mọ ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ìlú tí yóò bi í léèrè. Bẹ́ẹ̀ ni èébú ọjọ́ Òkèbàdàn ní Ìbàdàn ń parí pẹ̀lú ọdún. Èébú ojú ewé kò ní ọjọ́ ìparí.

Ìtúpalẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ méjì tí a gbé kalẹ̀ fúnra wa wé ara wọn:

(i) Ẹ̀yin olè, orí yín kò pé!
(ii) Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ẹ ti dá ọjọ́ fún mi láti gba káàdì ìdìbò, n kò sì tíì rí i gbà. Iṣẹ́ tí a gbé lé yín lọ́wọ́ ni ẹ kò ṣe yìí. Ọjọ́ wo ni kí n wá?

Arọ́pò-orúkọ ọ̀wọ̀ wà nínú méjèèjì. Nítorí náà, ọ̀wọ̀ kò pin sórí “ẹ” àti “yín”. Àpẹẹrẹ (i) kò ní ohun tí a lè fèsì sí. Ọmọ iṣẹ́ tí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ni ó bá, kì í ṣe ọ̀gá tí ó jẹ̀bi. Àpẹẹrẹ (ii) kí, ó sọ iye ìgbà, ó dá àjọ lẹ́bi láìfi bò, ó sì béèrè ìdáhùn. Òun gan-an ni ó le jù, nítorí pé àjọ kò lè fi ẹ̀sùn àìlọ́wọ̀ pa á rẹ́.

Ojúṣe àjọ náà ńkọ́? Ẹni tí a kí tí kò jẹ́ ni ó kọ́kọ́ tàbùkù ìkíni. Bí a bá fi (ii) ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìrí èsì, (i) ni yóò tẹ̀lé e. Ó tọ́ kí àjọ yọ èébú ẹ̀yà, ìhàlẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìdójútì sí ẹnì kan kúrò, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Kò tọ́ kí ó yọ ẹ̀sùn kúrò nítorí pé ó ta á lára.

Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé ìbáwí àti ọ̀wọ̀ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Kí ará ìlú fi orúkọ àti ẹ̀rí ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Kí àjọ ìjọba fi èsì bọ̀wọ̀ fún ará ìlú. A rọ àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá láti fi kíkọ ẹ̀sùn sí àjọ ìjọba kún iṣẹ́ àròkọ kíkọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò ti kọ́kọ́ bá ìjọba sọ̀rọ̀.